Ẹnu Ike Inú Yanrìn

"Wòsílátù, ṣé kéèkì lo fẹ́ ṣe ni, àbí fìtílà lo fẹ́ rọ?"

Ẹnu Bọ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Wòsílátù wo àwọn ohun èlò tó tò sórí tábìlì, ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Agolo mílíìkì ni àwọn agolo náà tẹ́lẹ̀. Bùràímọ̀, bàbá rẹ̀, tó ti Ìkìrun wá tẹ̀dó sí Aramoko, ló gé wọn kúrú, tó sì ká etí wọn kó má baà gé ọmọ òun lọ́wọ́. Iṣẹ́ páànù ni bàbá náà ń ṣe: fìtílà, àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tún fi páànù ṣe ẹnu ṣóńṣó kan, ó gé e léyín-léyín, pé kí ọmọ òun fi ya òdòdó sórí kéèkì.

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́!" ni Mísìsì Ọládipúpọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ, sọ. "Mo ní kí kálukú yan ohun tó máa lò, mi ò ní kí ẹ lọ kó ọjà wá. Abọ́ tó jinlẹ̀, ọmọrogùn, asẹ́, ife tí ẹ ó fi wọn fúláwà, agolo kéékèèké, àti ohun tí ẹ ó fi ya òdòdó. Ó parí. Wòsílátù, tìrẹ pé. Ó dára."

Ó wá kan Dorcas. Ọmọ Ọ̀gá Dúrótoyè, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ni Dorcas, òun àti Wòsílátù sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tú àpò tí Àǹtí rẹ̀ Florence fi ránṣẹ́ láti Akúrẹ́. Agolo kéèkì tó ń dán gbinrin ló kọ́kọ́ jáde, asẹ́ tuntun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àpò áísìn, ìyẹn ṣúgà pípò tí wọ́n fi ń ya òdòdó, ẹnu ike funfun kan sì wà lẹ́nu àpò náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀ alára na ọrùn kó lè rí i dáadáa.

Mísìsì gbé ẹnu ike náà sókè. "Háà, èyí mà rẹwà o!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Wòsílátù lọ́kàn. Tòun "dára," ti Dorcas ló "rẹwà."

"Lọ́la tí í ṣe Sátidé, ẹ ó ṣe kéèkì nílé," ni Mísìsì tún sọ. "Èmi fúnra mi ni n ó máa wá wò ó láti ilé dé ilé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lọ ni yóò bá mi lọ sí ìdíje ní Akúrẹ́."

Wòsílátù kò dé Akúrẹ́ rí. Akúrẹ́ ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, Èkìtì sì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Kò sí ohun tó wu Wòsílátù tó kí òun wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ lórúkọ ilé ìwé wọn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Dorcas fà á lọ́wọ́. "Wòsí, ilé yín ni n ó ti ṣe tèmi o. Sítóòfù nìkan ló wà nílé wa, kò sí ìkòkò oníyanrìn. Má sì da ara ẹ láàmú nítorí òdòdó. A ó jọ lo ẹnu ike mi. Tí mo bá ya tèmi tán, wàá gbà á."

Inú rere ni Dorcas fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí tí owú ti dí kì í gbọ́ inú rere. "Tí mo bá ya tèmi tán" nìkan ni Wòsílátù gbọ́. "Ṣé àjẹkù rẹ̀ ni n ó máa gbà ni?" ó bi ara rẹ̀. Nígbà tó délé, kò mọ adùn iyán tí ìyá rẹ̀ gún. Ó ju ẹnu páànù tí bàbá rẹ̀ ṣe sábẹ́ àga, kò tilẹ̀ dán an wò.

Ní ọjọ́ Sátidé, Dorcas dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Àwọn méjèèjì po fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin, kálukú nínú abọ́ tirẹ̀. Ìyá Wòsílátù, ọmọ Ilogbo, ti fọ yanrìn, ó sì ti sá a sórí páànù lẹ́yìnkùlé kó gbẹ. Yanrìn yìí ni wọ́n ń dà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin. Wọ́n á to agolo kéèkì lé e lórí, wọ́n á dé ìkòkò náà, wọ́n á wá kó ẹyin iná sórí ọmọrí rẹ̀ kí ooru lè wá láti òkè àti ìsàlẹ̀.

Dorcas lọ bá ìyá Wòsílátù fẹ́ iná. Bó ṣe ku Wòsílátù nìkan, ó ṣí àpò ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú ẹnu ike náà, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé. Kò ní in lọ́kàn láti bà á jẹ́. Ó kàn fẹ́ kí Dorcas wá a tì títí Mísìsì yóò fi dé. Lójijì ló gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó yára ri ẹnu ike náà mọ́nú yanrìn.

"Wòsílátù! Omi ti tán nínú ulé o! Gbé garawa, kí o sáré lọ sí kànga."

Èrò pọ̀ ní kànga. Nígbà tó fi máa padà dé, ìkòkò méjèèjì ti wà lórí iná, ẹyin iná ń pọ́n lórí wọn.

"Mo ti da yanrìn sí i fún yín," ni ìyá rẹ̀ wí. "Dorcas ti to tirẹ̀, ó sì bá ọ to tìrẹ náà."

Díẹ̀ ló kù kí garawa já bọ́ lórí Wòsílátù. Ó wo orí páànù lẹ́yìnkùlé, ó mọ́ fónífóní. Inú ìkòkò ta ni ẹnu ike náà wà? Bó bá sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn ì bá sọ ìkòkò méjèèjì kalẹ̀, kéèkì kankan kì bá tí bàjẹ́. Ó la ẹnu, ìtìjú sì pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni èrò mìíràn yọ́ wọ inú rẹ̀: "Bó bá jẹ́ ti Dorcas ló wà ńkọ́?" Inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ẹ ò rí ibi tí owú ń gbé ọmọ ènìyàn dé!

Dorcas po áísìn tán, ó na ọwọ́ sínú àpò. "Wòsí, o bá mi rí ẹnu ike mi?"

"Èmi? Níbo ni n ó ti rí i? Bóyá o gbàgbé rẹ̀ sílé."

Dorcas sáré lọ sílé nínú oòrùn. Wòsílátù lóṣòó ti iná, ó ń gbóòórùn ìkòkò kan, ó ń gbóòórùn èkejì. Òórùn dídùn ló kọ́kọ́ ń jáde láti inú méjèèjì. Nígbà tó yá, èéfín dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ ọmọrí. Ìkòkò tirẹ̀ ni.

"Kí ló ń rùn báyìí nínú ulé mi?" Ìyá rẹ̀ sáré jáde. "Ta ló ń sun ike?"

Àsìkò yẹn gan-an ni Mísìsì Ọládipúpọ̀ wọlé. Dorcas wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bùràímọ̀ náà gbọ́ ariwo, ó jáde láti ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣí ìkòkò Wòsílátù. Kéèkì inú rẹ̀ wú, ó sì pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ há èèyàn lọ́fun. Mísìsì bu ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Èyí ò ṣe é jẹ," ló wí.

Ìyá Wòsílátù fi ṣíbí wa yanrìn náà. Ike yíyọ́ kan bá a jáde, ó ti dúdú, eyín funfun kan ló ṣẹ́kù lára rẹ̀. Dorcas wò ó, ó sì yí ojú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò pariwo.

"Ṣebí mo ti ní ká jọ lò ó," ló sọ. Omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Wòsílátù kúnlẹ̀. "Èmi ni mo rì í mọ́lẹ̀, Mà. Owú ló ń jẹ mí. Mo fẹ́ lọ sí Akúrẹ́."

Bùràímọ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó mú ẹnu páànù tí ọmọ rẹ̀ jù síbẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó sì nà án sí Dorcas.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má bínú sí wa. Gba èyí. Kò dán, ṣùgbọ́n á ṣiṣẹ́."

Dorcas fi í sẹ́nu àpò áísìn, ó tẹ̀ ẹ́ sórí kéèkì tirẹ̀. Òdòdó náà là, ó fẹjú, etí rẹ̀ sì tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mísìsì tẹ orí wò ó. "Bàbá, ṣé ọwọ́ yín lẹ fi gé eyín yìí? Irú èyí ni n ó mú lọ sí Akúrẹ́."

Wòsílátù ò lè wo ojú bàbá rẹ̀. Òun ni bàbá náà gé e fún.

Dorcas ló bá Mísìsì lọ. Ẹnu páànù Bùràímọ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Wòsílátù dúró sílé, ó ń fi eérú ha ìkòkò tí òórùn ike kọ̀ tí kò lọ. Láti ọjọ́ náà, Dorcas kò pè é ní Wòsí mọ́. Wòsílátù gbọọrọ ló ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò, ìyẹn sì dùn ún ju Akúrẹ́ tí kò lọ.

Lọ́jọ́ tí Dorcas padà dé, ó gbé ẹnu páànù náà wá, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́. "Wòsílátù, nǹkan yín rèé. Ipò kejì la gbà."

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ," ni Wòsílátù wí, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ká jọ máa lò ó."

Dorcas kò tíì pè é ní Wòsí, ṣùgbọ́n ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun ọ̀rẹ́ yín bá ń dán lójú yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ tiyín kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí yanrìn ò tíì gbóná.