Lẹ́tà Tó Wà Láyà Màmá Stamata

Ṣọ́bìrì ò kan egungun. Ohun tó kàn rọ̀, ó sì ta ṣọ́bìrì náà padà díẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀ dúró, ó wo ojú Bàbá Thimios àlùfáà, ó sì ṣí fìlà lórí.

Ọdún mẹ́ta pé lọ́jọ́ náà tí wọ́n ti sin Màmá Stamata, ìgbà tí àṣà wọn ní kí wọ́n hú egungun òkú jáde. Gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀: wáìnì pupa nínú abọ́, aṣọ funfun, àti àpótí igi kékeré tí wọ́n máa kó egungun sí tí wọ́n bá ti fi wáìnì fọ̀ ọ́ tán. Egungun dà? Odindi ni ìyá náà jáde. Awọ ara rẹ̀ dúdú, ó gbẹ mọ́ ọn lára, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń béèrè nǹkan. Kò rùn. Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ló ń ti inú sàréè wá, ìyẹn gan-an ló bà wọ́n lẹ́rù jù.

"Yéè! Ta ló dì yín mú, ìyá mi?" Diamanto, ọmọ òkú, ló figbe ta.

Ní abúlé orí òkè wọn yẹn, nílẹ̀ Gíríìkì, òkú tí ilẹ̀ bá kọ̀ tí kò jẹ, ẹnìkan tó ṣì wà láàyè ló dè é mọ́lẹ̀. Àfi kí onítọ̀hún tú u sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sinmi láéláé. Ni wọ́n bá ń tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò tó bá a jà nítorí ààlà oko ólífì ní òun dárí jì í. Obìnrin tó bú u ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́sí ní òun náà dárí jì í. Òkú ò mira.

Garufalia wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó fi ìborùn dúdú bo imú. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún òun. Ó mọ̀.

Pantelis, ọmọkùnrin ìyá yìí, ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà kan rí. Ó lọ sí Melbourne, ó ní kí Garufalia máa bọ̀. Nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ fi máa gbé ẹrù ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, Pantelis ti fẹ́ Maureen, ọmọ òyìnbó. Ọdún mọ́kànlá ni Garufalia fi rán ìbọ̀sẹ̀ nílùú yẹn kó tó padà wálé, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì mú bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà Maureen dé pé Pantelis ti kú, ọ̀dọ̀ ta ni ìyá tún fẹ́ gbé e lọ?

Ìlà kan péré ni ikú gbà nínú lẹ́tà ọ̀hún. Ìtùnú ló kún ìyókù. Garufalia kà á dé ibi tí orúkọ Maureen wà nísàlẹ̀, ó ká a pa, kò yí ẹ̀yìn ìwé wò. Ìlà kan yẹn ló túmọ̀.

"Ó kú. Wọ́n ti sin ín."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni, ọmọ mi? Ìwé yìí mà kún."

"Ìyẹn nìkan ni, Mà. Òyìnbó fẹ́ràn àtimáa fi yíǹkì ṣòfò."

Sọ́ńdè mẹ́tàlá ni ìyá fi ń padà wá, ẹyin mẹ́ta lọ́wọ́, lẹ́tà láyà. "Bóyá o fo ibì kan ni." Garufalia á gba ẹyin, á tún sọ ohun kan náà. Ẹ gbọ́ o, ó ń gba ẹyin! Ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú, ká má purọ́. Ní Sọ́ńdè kẹrìnlá, ikú ìyá ni wọ́n ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún.

Ní báyìí, létí sàréè, Diamanto fa lẹ́tà náà yọ láyà òkú, níbi tí wọ́n ti sin ín mọ́ ọn. Ó funfun bíi pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

"Maureen ti kú lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tá a lè bi mọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Garufalia, kà á."

"Mo ti kà á nígbà yẹn."

"Mo ní kà á!"

Garufalia kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wo Gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n rẹ̀ ń wá Gíríìkì. Ó kọ́kọ́ lo Gíríìkì inú ìwé àdúrà, ó le koko, òkú ò sì gbọ́. Ọ̀rọ̀ Maureen jẹ́ ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ló bá rántí ohun tí ìyá yìí fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún Pantelis nígbà tó wà ní kékeré, tí òun máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri ilé kejì, níbi tí òun gbé dàgbà. Ó fi ohùn yẹn sọ ọ́.

"Pantelis ní: ẹ rọra, ìyá mi. Ẹ rọra. Kò dùn mí mọ́."

Ìka òkú kan já bọ́ sórí aṣọ funfun.

"Òórùn búrẹ́dì yín wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun ni mo fi sùn."

Apá tú.

"Ẹ má sunkún. Bíi pé ọwọ́ yín wà lórí mi ni."

Ẹnu tó ti ṣí fún ọdún mẹ́ta pa dé, jẹ́jẹ́. Gbogbo ara náà rọ̀ sílẹ̀, ó ku egungun funfun tónítóní.

"O ṣìkà, Garufalia," Diamanto ń sunkún. "O sì ń jẹ ẹyin ìyá mi."

"Mo jẹ ẹ́," ni Garufalia wí.

Ó fẹ́ ká ìwé náà ni ó rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Fún Garufalia. Pantelis mọ̀ pé ìwọ lo máa túmọ̀ èyí. Ó sunkún nítorí rẹ. Ó ní kí n fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, kí n sọ fún ọ pé..."

Ohun tó di òkú mú náà ló di ìwé mú. Ó ti ń rún lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ dúró, Mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kà á tán!" Egungun ló ń bẹ̀. Kí ó tó ṣẹ́jú, eérú ló kù láàárín ìka rẹ̀. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sọ́ńdè, Garufalia máa ń gbé ẹyin mẹ́ta lọ sí yàrá tí wọ́n ń to àpótí egungun sí, á gbẹ́nu lé àpótí Màmá Stamata.

"Ṣé ìyẹn nìkan ni, Mà? Ìwé yẹn mà kún."

Diamanto wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wá bu epo sí fìtílà. Ó ní òun gbọ́ tí ohùn ìyá òun dáhùn láìkánjú: "Ìyẹn nìkan ni, ọmọ mi."

Tí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, ẹyin mẹ́ta náà kì í sí níbẹ̀ mọ́.