Ìpè Láti Inú Òkúta Ṣọ́ọ̀ṣì

Òkúta náà máa ń tutù. Oṣù kẹjọ ọdún 1986 ni, ooru Houston ń jó bí ààrò, kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú wíàháòsì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ìlú Humble. Síbẹ̀, bí mo bá gbé ọwọ́ lé òkúta yẹn, àfi bíi pé mo ki ọwọ́ bọ omi kànga.

Ọláwọlé lorúkọ mi. Ẹnjiníà ni mí tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ epo kan ní Baytown, kí epo tó dẹnu kọlẹ̀ lọ́jà tí wọ́n ní ká máa lọ. Ìyàwó mi, Lará, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Chicago. Ó ní òun á padà wá, kò padà. Ó wá ku èmi nìkan ní apartment, èmi àti tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ òkúta ni mo rí. Ọlọ́rọ̀ kan ló ra ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú kékeré ní Faransé. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà láti ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n tú ẹnu ọ̀nà náà, kí wọ́n wá tún un tò síwájú ilé òun ní Houston. Èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àwọn òkúta rẹ̀. Èyí tó ń tutù yẹn ni wọ́n máa ń tẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ àti orúnkún àwọn ará ìlú náà ti jẹ ẹ́ láàárín, ó jin bí àwo.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn obìnrin, jẹ́jẹ́, bíi pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àrẹ̀mú."

Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Oríkì mi ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Houston. Ọdún méje ti kọjá láti ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, lẹ́nu ìyá mi, ní Iléṣà. Mo mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó pè é bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun.

"Mà," ni mo dáhùn.

Nǹkan kan rọra bọ́ kúrò lára mi, bí ẹ̀wù. Òkúta náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, Evelyn ọ̀gá wa, ọmọ Louisiana tó gbọ́ Faransé, mú lẹ́tà kan wá, láti ìlú Faransé yẹn.

"Wọ́n ní ká dá òkúta yẹn padà," ó rọra sọ. "Àlùfáà wọn ní orí ẹ̀ làwọn ìyá máa ń kúnlẹ̀ sí pe ọmọ tó lọ tí kò padà."

"Tí ọmọ bá dáhùn ńkọ́?"

Ó tún ìwé náà wò. "Ó ní á délé. Kò sọ pé odindi ọmọ náà ló ń dé."

Mo sáré lọ sídìí fóònù. Bàbá Láyíwọlá, aládùúgbò wa ní Iléṣà tó ní fóònù, ló bá mi pe ìyá mi wá.

"Èmi ni, mà. Àrẹ̀mú."

Mò ń gbọ́ èémí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ mi ṣeré," wọ́n ní. "Ọdún méje ni mo fi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́, tí mò ń pè é. Ó ti dé láti àná. Òun nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

"Jọ̀ọ́, má pè mọ́," ọkùnrin kan ní. Ohùn mi ni. "Inú wọn ń dùn."

Mo rọra gbé fóònù kalẹ̀. Evelyn bi mí bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà nílé.

Mo ní àlàáfíà ni.