Ọwọ́ Tí Télọ̀ Fi Pamọ́

Ìbínú ló kọ́kọ́ pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ìfẹ́ kàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Nọ́ọ̀sì kó aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ fún télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọsibítù wọn. Ó ní kó bá òun tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí òun ti ń sanra. Télọ̀ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní ọ̀la ni. Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la ni. Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì máa tún yọjú, aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi kó o wá, bó ṣe so ó gan-an ló bá a.

Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn balẹ̀," télọ̀ ní. "Ọ̀la ni."

"Mi ò ní dìde níbí títí ẹ ó fi rán an."

"Níṣojú yín?"

"Níṣojú mi báyìí. Àwọn tí mò ń wẹ egbò fún kì í gbọ́ 'ọ̀la' lẹ́nu mi."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó jókòó sídìí máṣíìnì. Nọ́ọ̀sì ti pinnu pé òun ò ní rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. Ọwọ́ òsì ló ń darí aṣọ, ìka rẹ̀ ń tẹ ojú rírán náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Kò rí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì tún bí i nínú sí i: ọkùnrin tó lè ṣe é kíákíá báyìí ló jẹ́ kí òun máa fẹsẹ̀ gbolẹ̀ kiri.

Kó tó kúrò níbẹ̀, télọ̀ ti pa á lẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí kò fi ní aṣọ kankan tó fẹ́ rán mọ́, síbẹ̀ tó ń yà síbẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó sọ télọ̀ ní Ọ̀la-ni. Télọ̀ ń pè é ní adúmáadán mi, kódà níwájú àwọn oníbàárà.

Ìyá Nọ́ọ̀sì nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn ò burú, ẹnu ẹ̀ dùn," ìyá ní. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó máa ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru yìí?"

"Télọ̀ ni, Màmá. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń polówó."

"Iṣẹ́ wo ló ń polówó nínú òógùn?"

Ká sòótọ́, Nọ́ọ̀sì náà ti ń rò ó. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọjọ́ tí omi dà sí télọ̀ lára, tó gbàgbé ara rẹ̀, tó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ni ọ̀rọ̀ náà hàn. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ àpá ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún ọwọ́ fún ẹni tó ń wẹ egbò jẹun.

"Láti ìgbà wo?" ó béèrè.

"Kí n tó mọ̀ ẹ́." Ohùn télọ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Iṣẹ́ pọ̀, mi ò lè jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní oògùn kan tí mò ń lò. Nígbà tó yá, ó ní abẹ́rẹ́ ló máa ń tètè ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ jáwọ́ ńbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Bó bá di ọ̀la..."

Ó gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde, ó dákẹ́.

"Má parí ẹ̀," Nọ́ọ̀sì ní.

Ó mú un lọ bá dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Télọ̀ lọ, ó tún lọ, lẹ́yìn náà ni aṣọ ẹnìkan di kánjúkánjú, kò lọ mọ́. Á ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, á tún ṣubú, á sunkún, á tún ṣèlérí. Ohun tó ń pa Nọ́ọ̀sì lára jù ni pé ọkùnrin náà kì í purọ́. Òótọ́ ni gbogbo ìlérí rẹ̀ lásìkò tó bá ń ṣe é. Ká ní òpùrọ́ ni, ì bá ti rọrùn láti fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé wò. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ṣíwọ́, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló gbà lọ tààrà. Kò kí i.

"Fún mi lọ́wọ́ ẹ." Ó mú ìka télọ̀, ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ kejì ọkùnrin náà. "Kí lò ń gbọ́ níbẹ̀?"

"Ó ń lù."

"Iṣan tó ń lù yìí ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ìka ẹ. Irú ẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́, ó wà ní itan, gbogbo ara ló wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì wọ ọ́, ìka ni oògùn yẹn máa lọ bá, á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ewé tí ò rómi."

"Mo mọ ibi tí mò ń gún."

"Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n gbé wá lónìí náà ṣe wí. Ó ti ń ṣe é tipẹ́ jù ẹ́ lọ." Ó di ọrùn ọwọ́ náà mú. "Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ́n fòò, tó ń ti sírínjì padà fúnra ẹ̀, tí ọwọ́ ń jó ẹ bí iná, ibẹ̀ kọ́ nìyẹn. Má ti oògùn wọlé rárá. Yọ abẹ́rẹ́ náà, fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ẹ̀ gírígírí, má ṣíwọ́, gbé ọwọ́ sókè, kó o sì máa bọ̀ ní ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kódà bí ẹ̀jẹ̀ bá dá. Bó bá wú, bó bá funfun, bó bá tutù, má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, má dì í ní okùn, má sùn lé e wò."

Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ò ń kọ́ mi bí mo ṣe máa máa ṣe é ni?"

"Mò ń kọ́ ẹ bí ọwọ́ ẹ ò ṣe ní gé títí orí ẹ á fi pé."

Bó ṣe ń lọ sílé, inú ń bí i sí ara rẹ̀. Irú ìfẹ́ wo nìyí? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ọkọ àfẹ́sọ́nà wọn sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n máa gbà, òun ń kọ́ tòun ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ́n.

Ọjọ́ tí télọ̀ yẹ kó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí ìyá Nọ́ọ̀sì ni nǹkan bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ dàgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ṣì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n dé ní tirẹ̀. Ìyá ti múra, ó jókòó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n retí télọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì dìde, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló gbórí lé, ó ń tòògbé, abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó jí i. Ó sì sọ̀rọ̀ sí i lójúkorojú.

"Mo ti bá ẹ sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ti sú mi. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá tún wọ ara ẹ, má jẹ́ kí n fojú kàn ẹ́. O gbọ́? Má wá síbi tí mo bá wà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Télọ̀ ní òun gbọ́. Lóòótọ́ ló gbọ́: ó ṣe bí ọmọlúàbí fún ìgbà pípẹ́, ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó tilẹ̀ ń parí aṣọ àwọn oníbàárà lọ́jọ́ tó bá dá. Nọ́ọ̀sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìhàlẹ̀ òun ló ṣe é, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti tètè hàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan ni fóònù Nọ́ọ̀sì dún níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ni.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo pè yín. Ọwọ́ àbúrò mi wú. Ó ní òun sùn lé e ni. Mo ti ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láti àná, ṣùgbọ́n ṣe ló ń le sí i. Ó ní kí n má pè yín, ó sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Nọ́ọ̀sì ti dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ má fi nǹkan kan kàn án mọ́. Mò ń lọ bá a."

Ó bá télọ̀ nídìí máṣíìnì, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí aṣọ, tòsì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Gbé ọwọ́ ẹ jáde."

"Mo fẹ́ parí..."

Ó fa aṣọ náà kúrò. Ọwọ́ náà ti wú, ó ń dán. Ìka méjì tó kángun ti dúdú lórí. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n tutù bí irin.

"Ìgbà wo?"

"Àná, láàárọ̀."

"Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe rí?"

"Ó pọ́n. Ó ń ti ara ẹ̀ padà. Mo yọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe bí o ṣe sọ ọ́."

"Mo sọ pé kó o máa bọ̀ ní ọsibítù."

"Ìwọ lo wà ní ọsibítù."

Nọ́ọ̀sì jọ̀wọ́ àwọn ìka náà.

"O ní kí n má jẹ́ kó o fojú kàn mí," télọ̀ ní. "Mo dé ẹnu géètì yín lánàá. Mo rí ẹ, ò ń di ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ mú. Ò ń rẹ́rìn-ín. Mo bá padà."

Ìbínú gbé Nọ́ọ̀sì, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí. Ó gbé ọwọ́ ọkùnrin náà sókè, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó mú un jáde.

"Ká ní àná ló dé ni," dókítà ní, lẹ́yìn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gba ọwọ́ náà là, ṣùgbọ́n wọ́n gé ìka méjì yẹn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò fi bò.

"Ọmọ mi, o ti gbìyànjú. Fi sílẹ̀. Ẹni tí ò ṣàánú ara ẹ̀, ṣé ìwọ ló máa ṣàánú?"

"Màmá, ó rántí gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ. Ẹyọ kan ni kò ṣe, èmi ni mo sì ní kó má ṣe é."

"Ìwọ kọ́ lo gún un lábẹ́rẹ́."

"Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Ó lọ bá télọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà," ó ní. "Mi ò ní mo ṣì máa fẹ́ ẹ, mi ò sì ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, inú sì ń bí mi débi pé mi ò lè wo ojú ẹ pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń wù ẹ́, tàbí o ti ṣe é tán, ọ̀dọ̀ mi ni kó o kọ́kọ́ wá."

"Bí inú bá ṣì ń bí ẹ ńkọ́?"

"Kó o wá bá ìbínú náà níbẹ̀."

Wọ́n dá a sílẹ̀, ó ń gba ìtọ́jú. Ó ń fi ìka tó ṣẹ́kù kọ́ iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣọ ń sá fún un, rírán ń wọ́, á sọ ọ́ mọ́lẹ̀, á ní kí Nọ́ọ̀sì má wo òun. Nọ́ọ̀sì náà á ní ta ló ń wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìgbéyàwó. Ìyá kì í béèrè rẹ̀ mọ́, bí òun àti télọ̀ bá sì pàdé lọ́nà, ìyá á wo ibòmíràn.

Lọ́jọ́ kan tí èrò kún ọsibítù fọ́fọ́, ìyá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì ń gbé àwo tó fi ń wẹ egbò kọjá nígbà tí télọ̀ wọlé. Òógùn bò ó. Kò fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́, gbogbo èèyàn sì ń wò ó.

"Ó ń ṣe mí," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò lọ sílẹ̀. "Ó ń ṣe mí gan-an lónìí. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wá."

Ó ń ṣe Nọ́ọ̀sì bíi kó bú u, ó ń ṣe é bíi kó bú sẹ́kún. Nínú gbogbo ọjọ́, òní tí egbò pọ̀ tó báyìí ló yàn.

"Mi ò lè dá ẹ lóhùn báyìí," ó ní. "Wo àwọn tó wà níwájú ẹ."

"Màá dúró."

Kò sí àyè lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá wo ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sún.

"Jókòó síbí, ọmọ mi," ó ní. "Iṣẹ́ ló ń ṣe. A ó jọ dúró dè é."