Àká Etí Odò Ògùnpa

Ọdún mẹ́rin gbáko ni àgbàdo ti tán nínú àká etí odò Ògùnpa, síbẹ̀ ní àràárọ̀ ni Àkíbù ń gbá hóró àgbàdo níwájú ìlẹ̀kùn kẹta. Kì í pọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan, nígbà mìíràn méjì. Ó máa ń tò láti ìdí ìlẹ̀kùn náà dé ẹnu géètì, bí ẹni pé ó ń já bọ́ lára ẹnì kan tó ń rìn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣó ni wọ́n fi kan ìlẹ̀kùn náà pa láti ìta. Àkíbù fúnra rẹ̀ ló kàn án.

Ọdún 1951 ni àwọn òyìnbó oníṣòwò kan kọ́ àká náà, kọ́ńkéré láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ga débi pé ẹni tó bá dúró ní Mápó ń rí páànù orí rẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tirẹ̀, wọ́n rí bíi kànga tí wọ́n gbé nàró. Ẹ̀rọ ló ń fi garawa kéékèèké gbé àgbàdo gòkè, tí yóò dà á sínú wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ kó o jáde, wọn á ṣí ojú irin kan nísàlẹ̀, àgbàdo á sì máa ya bí omi. Nígbà náà, ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ará Òkè Padre sinmi.

Lọ́dún 1960, Ògùnpa ya bo ìlú. Omi wọ àká, àgbàdo inú rẹ̀ wú, ó hù, ó sì la ògiri. Àwọn òyìnbó kó lọ. Ẹ̀rọ dípẹtà, àdán gba òkè, koríko gba ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí Àkíbù máa ṣọ́ ibẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò rà á. Kò sẹ́ni tó rà á. Àkíbù ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún ń ro ó, kò sì ní agbára àtiwá iṣẹ́ mìíràn.

Hóró àgbàdo wọ̀nyẹn kọ́ ló dá a lágara jù. Ìkànkùn ni. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ẹnì kan á kan ìlẹ̀kùn kẹta látinú: kó, kó, kó.

Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tí alábàárù bá wọ inú yàrá láti fi igi tú àgbàdo tó dì, ìkànkùn mẹ́ta ni àmì pé ènìyàn wà níbẹ̀, kí wọ́n má ṣí ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1956, géńdé kan tó ń jẹ́ Olúdayọ̀ wà nínú yàrá kẹta. Ó kan ẹ̀ẹ̀mẹta. Àkíbù, tó wà nídìí ojú irin ìsàlẹ̀, gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń dúró, ọ̀gá ń pariwo pé kó ṣí i, ó sì ṣí i. Àgbàdo fa Olúdayọ̀ wọlẹ̀ bí ẹrẹ̀ ṣe ń fa ẹsẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n kan yàrá náà pa, kí wọ́n sọ pé Olúdayọ̀ ti lọ wá iṣẹ́ sí Kùmásí. Àkíbù ló lọ sọ ọ́ fún Morádéyọ̀, ìyá Olúdayọ̀, ní Pópó Yemọja. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1964, ìkànkùn náà tún bẹ̀rẹ̀, Àkíbù sì mọ̀ pé òun kò lè gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rù kọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó mú irin, ó fa àwọn ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Olúdayọ̀,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “mo ti dé.”

Nǹkan tútù kan fara kan èjìká rẹ̀, ó kọjá. Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́ òkùnkùn inú yàrá náà, kò rí egungun, kò rí àgbàdo. Eruku funfun ló bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ojú ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, ó wá síbi ìlẹ̀kùn, ó padà, ó tún wá, títí ibẹ̀ fi jin bí ọ̀nà oko.

Kò ti ìlẹ̀kùn náà. Pópó Yemọja ló gbà lọ tààrà.

Ìyá Olúdayọ̀ jókòó sórí àpótí níwájú ilé, nínú aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Ìyá Olúdayọ̀.”

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ìyá, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọmọ yín kò lọ sí Kùmásí. Ó kan ìlẹ̀kùn, mo gbọ́, síbẹ̀ mo ṣí ìsàlẹ̀. Inú àgbàdo ló kú sí.”

Obìnrin náà kò ké. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò nínú ẹ̀wà.

“Mo mọ̀,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló wọlé, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ. Nígbà tí ẹ wá sọ ti Kùmásí fún mi lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn yín ló dúró sí.”

Àkíbù bojú wẹ̀yìn. “Kí ló wá dé tí ẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?”

“Kí ẹ lè tètè lọ. Ojú tó fi ń wò yín kò dáa.” Ó gbọn ìyàngbò kúrò lẹ́sẹ̀. “Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn yín, kó jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá sọ ọ́ fún mi.”

“Mo ti wá sọ ọ́ báyìí, Ìyá.”

“Ẹ ti sọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi náà tán síbẹ̀.” Ó dìde kúrò lórí àpótí náà, ó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. “Ẹ jókòó. Ó ti tó àkókò tí Olúdayọ̀ máa ń dé.”

Àkíbù wo ojú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, síbẹ̀ kò lọ. Ó jókòó. Ìyá Olúdayọ̀ gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé, ó sì rọra ti ìlẹ̀kùn.