Òwú Lórí Bírò Pupa

Bí mo bá purọ́, kí ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójú àwọn àna mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Tíṣà kan ló ń kọ́ àwọn opó ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá wà láyé kò gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀. Tíṣà yìí fura sí gbogbo ayé. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàsán, á kọ́kọ́ wo aago. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ti já; bírò pupa ló fi há ojú ibẹ̀ kí ikùn má baà yọjú wòran.

Afọṣọ kan wà nínú àwọn opó náà. Ilé ìwòsàn tó ń bá fọṣọ ti ní kó mú ìwé-ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì wá kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Tíṣà ní kí wọ́n kọ ìtàn ilé wọn. Ẹ ṣáà mọ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ní aṣọ àná, ó tún ní aṣọ òní. Tiwa ń fi ẹyọ aṣọ kan ròde ni. Àwọn yòókù wọ àná fún òní, wọ́n wọ òní fún àná. Afọṣọ nìkan ni kò ṣì í. Ìyá rẹ̀ tó kú, àná. Ilé tó jó, àná. Àfi ọkọ. Ọkọ ń jí. Ọkọ ń jẹun. Ọkọ ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àṣìṣe tó bá ń yan ènìyàn, irọ́ ni. Ó pè é.

"Màmá, ọkọ yín wà láyé."

"Wọ́n ti sin ín, Tíṣà."

"Báwo ló ṣe wá ń ránṣọ?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ohun tí mo rí ni mo kọ."

Tíṣà ní kó yí i sí àná, tàbí kí òun yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì. Obìnrin náà ní ọwọ́ òun kò ní í ṣe é; bó bá di dandan, kí Tíṣà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Tíṣà fa bírò yọ. Jíjí, jíjẹ, ríránṣọ, gbogbo rẹ̀ di àná. Ó ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ kejì, ojú obìnrin náà wú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dákẹ́ mọ́jú. Tíṣà ní ọkọ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó mú fọ́ọ̀mù láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kì í ṣe opó.

Àwọn opó lọ. Yàrá ṣófo. Tíṣà tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ.

Tàkà, tàkà, tàkà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ó dìde, ìró náà dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ó ṣí i. Ìwé nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ṣí ti afọṣọ. Gbogbo ibi tí bírò pupa gbà, òwú funfun ti gba orí rẹ̀ kọjá, wínníwínní. Ó kọ́kọ́ fura sí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n ṣé obìnrin tó ń fi píìnì há ìṣẹ́tí aṣọ ara rẹ̀ ló mọ abẹ́rẹ́ lò?

Ó nawọ́ sí ikùn kó fa bírò yọ. Bọ́tìnnì ló bá. Òwú funfun ni wọ́n fi rán an. Ṣẹ́ẹ̀tì náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó tún dé kíláàsì, fọ́ọ̀mù ṣì ṣófo lápò rẹ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn nínú ooru. Afọṣọ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti fúyẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ti gbó, kí ẹ mú òmíràn wá."