"Wọ́n" Tó Fọ́ Àpótí Irin

Wọ́n ti já àgádágodo àpótí náà, ìwé ilé ò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Oníwẹ́dà tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin pọ̀ ṣe àpótí yẹn kò tíì lò ju oṣù kan lọ ní sàréè. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sáyé, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ìwé iṣẹ́ ilé tí kò tíì kọ nǹkan kan sí ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ti dé síbẹ̀ ṣáájú ọlọ́pàá, ó há báàgì mọ́ abíyá. "Ìwé ti lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe," ló wí. "Ilé di ti ẹbí nìyẹn. Kí tilẹ̀ ni ọmọ obìnrin fẹ́ fi ilé ṣe?"

Inú bí obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, àmọ́ ó gbé e mì. Ó ti rí irú wọn rí, omijé ojú wọn kì í tíì gbẹ tí wọ́n á ti máa ka yàrá.

Kọ́ńsítébù ka ohun tí ọmọ náà sọ sókè. "'Wọ́n bá mi nílé. Wọ́n ní kí n lọ ṣeré níta. Wọ́n wá fi irin já àpótí bàbá mi.' Ọ̀gá, ẹgbẹ́ olè ni!"

Abẹ́rẹ́ lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Kí ló dé tí o ò kọ iṣẹ́ ilé rẹ?"

"Ọmọ kíláàsì wa kan jí bírò mi, mà. Ó ní tòun ni."

"Àwọn tó wá síbí ńkọ́? Mélòó ni wọ́n?"

"Ẹyọ kan, mà."

Abẹ́rẹ́ dìde fùú. "Kọ́ńsítébù, o gbọ́? Ẹni tó jí bírò, 'ó' ló pè é. Ẹni tó jí ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, 'wọ́n' ló ń pè é! Ẹnì kan ni, àgbà tó mọ̀ dáadáa ni. Àlejò wo ló máa ní kó lọ ṣeré níta, tí ọmọ yìí á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́? Ẹ̀kọ́ ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ni olè yìí sá sí lẹ́yìn. Ojú ò tiẹ̀ tì yín, ẹ̀gbọ́n? Ẹ gbé báàgì yẹn wá!"

"Ọmọdé lẹ wá ń tẹ́tí sí?"

Kọ́ńsítébù ti fa báàgì náà gbà. Ìwé ilé wà nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ náà sì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà.

"Mo fẹ́ bá a tọ́jú rẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń kálòlò.

"Ẹ wá fi irin ṣí i?"

Kọ́ńsítébù ṣí ojú ewé tuntun, ó ní kí ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọmọ náà nu ojú, ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láìṣẹ́jú.

"Ó bá mi nílé," ló wí. "Ó fọ́ àpótí bàbá mi."