Irin Tó Ń Ṣọ́ Àgbò

Níbi òkú àbúrò mi ni mo ti kọ́kọ́ rí Rídúwánù. Ẹ má bínú sí mi, ibi tí ìfẹ́ ti bá mi nìyẹn.

Wọ́n ti gbé Sọ̀fíyù sílẹ̀ ní àgbàlá wa ní Gbossimé, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í. Lèmọ́ọ̀mù ní, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, kí ẹni tí òkú bá ṣẹ̀ jọ̀ọ́ kó fi jì í. Ni Àlájì Àkànbí bá dìde. Àbúrò bàbá mi ni. Òun ló ni ilé iṣẹ́ ike tó wà ní Agoè-Nyivé, níbi tí ẹ̀rọ tó ń lọ ike ti fa Sọ̀fíyù wọlé tó sì pa á. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́.

"Ọmọ yìí ò fara balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́," ló wí. "Ó ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í."

Ṣìọ̀! Ó pa ọmọ ọlọ́mọ tán, ó tún wá ń dárí ji òkú. Àwọn àgbà sì ń ṣe "àmín, àmín" bí ẹni pé ó fún wọn lóyin lá.

"Ta ló ń dárí ji ta?"

Ẹ̀yìn ni ohùn yẹn ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti Sọ̀fíyù jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n fi báńdéèjì di apá rẹ̀. Ibi tó ti ń fa àbúrò mi jáde ni ẹ̀rọ ti ya á lápá. Àlájì ní kó jáde. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yà sọ́dọ̀ mi, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìfaradà o, ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyù." Láti àárọ̀ ni omi ojú ti kọ̀ tí kò jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Lẹ́yìn àdúrà fídáù, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi.

"Ẹ̀rọ yẹn ní ìdérí tẹ́lẹ̀. Irin aláwọ̀ ìyeyè ni, wọ́n ya ọwọ́ pupa sí i, kéèyàn má bàa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àlájì ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n tú u kúrò. A bẹ̀ ẹ́ títí. Sọ̀fíyù fúnra ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀lẹ ni wá."

"Ṣé ìjọba gbọ́?"

"Mo ti sọ fún inspẹ́kítọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àlájì bá búra pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ti pọ́ọ̀tù dé, pé kò ní ìdérí rí."

Ó ń wá lemọ́lemọ́. Ó ń ra bọ́tìnnì.

"Ẹ̀wù wo lo fẹ́ fi gbogbo bọ́tìnnì yìí rán?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Mi ò tíì ní ẹ̀wù. Ẹni tó máa bá mi rán an ni mò ń wá."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí Sọ̀fíyù ti lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn. Kí n má purọ́, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú, Àlájì sì ni walí mi. Bí kò bá lóhùn sí i, kò sí yìgì. Àwọn ẹbí pè mí jókòó. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ti Àlájì mọ́lé. Wọ́n ní ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo bi wọ́n pé láàárín Àlájì àti Sọ̀fíyù, ta ló ta ta lọ́pọ̀? Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

"Àmúwá Ọlọ́run ni, Sàfúrátù," ìyá mi wí. "Lọ kúnlẹ̀ fún Àlájì."

Mo lọ. Mo bá a níbi tó ti ń fún àgbò Iléyá rẹ̀ lóúnjẹ.

"Bonjour, ọmọ mi. Ça va?" Ẹni tó pa àbúrò mi ló ń bi mí bóyá ara le. "Kí ọmọkùnrin yẹn lọ sọ fún inspẹ́kítọ̀ pé irọ́ lòun pa. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni màá so yìgì yín."

Ó fọwọ́ lu ilẹ̀kùn ilé àgbò náà gbàngbàn. "Olè pọ̀ ládùúgbò yìí. Nǹkan iyebíye, èèyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó."

Mo gbójú sókè. Irin ni ilẹ̀kùn náà. Àwọ̀ ìyeyè. Ọwọ́ pupa wà lára rẹ̀.

Mo fi ẹ̀rín bo ojú. "Bàbá, àgbò yín mà rẹwà o! Ẹ dúró tì í kí n yà yín ní fọ́tò."

Òmùgọ̀ náà dúró. Ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn, ó na àyà síta, ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Rídúwánù, Àlájì ti ránṣẹ́ àdéhùn náà sí i. Ó ti sunkún.

"Sàfú mi, ọ̀wọ́n mi, màá sọ pé irọ́ ni mo pa. Mi ò lè pàdánù ẹ."

"Kí lo wá máa jẹ́ nínú ilé mi? Ọkọ tí wọ́n fi òkú àbúrò mi rà?" Mo na fóònù sí i. "Wo ibi tí ìdérí yín wà."

Ó wò ó pẹ́. "Àgbò," ló ń wí. "Àgbò ló fi í ṣọ́." Ó nu ojú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa méjèèjì gun ọ̀kadà zémi kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ inspẹ́kítọ̀.

Wọ́n pe Àlájì lẹ́jọ́. Ó ní òun ò ní so yìgì kankan. Lèmọ́ọ̀mù ní walí tó bá kọ̀ láìnídìí ti sọ ipò rẹ̀ nù, òun á dúró fún mi.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́, ìyàwó Àlájì wọlé pẹ̀lú àgbò náà. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi.

"Ìyálé mi, Àlájì ní kí ẹ fi èyí ṣe ìgbéyàwó. Ẹ ṣáà sọ lójú gbogbo ayé pé ẹ ti dárí jì wọ́n. Agbẹjọ́rò wọn ní bí ìyá òkú bá ti dárí jì, ojú adájọ́ á rọ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá mi tí kò mọ̀ ju àmúwá Ọlọ́run lọ! Rídúwánù di ọwọ́ mi mú.

Ìyá mi gba okùn àgbò. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa á lẹ́yìn, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kò ní egbò kankan," ló wí. Ó fi okùn náà sọ́wọ́ ìyàwó Àlájì padà.

"Mú u lọ fún ọkọ ẹ. Ìdáríjì tó ń wá ò sí lọ́wọ́ mi, Sọ̀fíyù ló ni ín. Àlájì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí."

Ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Lèmọ́ọ̀mù," ó ní, "ẹ so yìgì àwọn ọmọ mi."